Ẹ Kọ́ Olùkọ́ Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀la àwọn ọmọ wa ni mo mú wá lónìí.

Ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú kan wà tí à ń pè ní Ayétòrò. Ní 1947 ni àwọn apẹja tí wọ́n jẹ́ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó lórí ẹrẹ̀. Kirisitẹni ni wọ́n, Mùsùlùmí ni àwa; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́. Àpò kan ni gbogbo wọn ń ná. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n ṣe búrẹ́dì. Ní 1953 iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni ó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́. Ara igi ni ọmọ ti kọ́ ọkọ̀ kíkàn, kì í ṣe ara pátákó ìkọ̀wé.

Ní 1968 wọ́n tú àpò náà ká, kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ náà sì rẹ̀yìn. Lóde òní, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé Ayétòrò lọ. Ṣùgbọ́n òkun a máa gbé ilé, kì í gbé iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn. Ibi tí ẹni tí ó mọ ọkọ̀ kàn bá ṣí lọ, iṣẹ́ rẹ̀ a bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ara wa. Láìpẹ́ yìí, oníṣòwò ẹja kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ náà ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ìwé-ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ bàjẹ́, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun, kọ̀ǹpútà kékeré ló ń wọn epo fún un; èyí tí wọ́n yà sára pátákó fún ọmọ náà kò ní irú rẹ̀. Mo fi ìbínú lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà wo ilẹ̀, ó ní: “Àlùfáà, èmi náà kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni, ẹnì kan kò rán mi lọ wo ẹ̀rọ tuntun.” Ojú tì mí. Ohun tí ènìyàn kò ní, kò lè fi fúnni.

A ti rí irú èyí rí. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba fi owó ribiribi ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà dógùn-ún sí: kò sí iná, kò sí ilé tí a ó tò ó sí, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Láti 1973 ni ètò SIWES ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ sí iléeṣẹ́. Ó dára. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lọ, kí ló dé tí olùkọ́ jókòó sílé?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yin tí ẹ ń so iná sólà, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yín fún olùkọ́ kan ní ọlidé gígùn. Kí ó wọ aṣọ iṣẹ́, kí epo yí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, kí a tó tún fi òkúta dídán kún ilẹ̀ mọ́sálásí, ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ fún owó ọkọ̀ àti oúnjẹ olùkọ́ náà.

Nígbà tí àwọn bàbá wa dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, wọn kò fẹ́ kí ọmọ Mùsùlùmí gbẹ́yìn nínú ìwé. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kù fún àwa. Ànábì Nuhu kan ọkọ̀, Ànábì Dáúdà rọ irin. Ta ni yóò wá sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ kò yẹ ọmọ òun?

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọmọ wa fi ìwé-ẹ̀rí tọrọ jẹ. Àmín.