Akọ̀wé Ìjọba ní Asaba, àti Lẹ́tà Tí A Kọ Sí Ibi Tí Kò Yẹ

A bá àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ ní oṣù yìí yọ̀, a sì bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Orúkọ gbogbo wọn wà ní ojú-ìwé ti ìdílé, nítorí náà n kò ní tún un kọ síhìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tí ó ṣọ̀fọ̀ ni ó mú kí n kọ ọ̀rọ̀ òní. Ẹ rántí tíṣà wa tí ó kú ní èṣí. Ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ọdún 1989, nígbà tí à ń pe ilẹ̀ yìí ní Ìpínlẹ̀ Bendel, ó sì ṣe é títí ó fi fẹ̀yìntì. Kò tíì gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tán tí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ìwé sí ìjọba." Mo kọ ọ́. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán kọ ọ́, mo sì fi ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ìjọba Ìpínlẹ̀ Delta ní Asaba, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni orísun ohun gbogbo. Oṣù méje kọjá. Nígbà tí mo gun ọkọ̀ lọ fúnra mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí tábìlì fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé wọn kì í san owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, pé wọ́n ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ibi tí ó yẹ láti ìgbà tí ó ti dé, ṣùgbọ́n pé n kò kọ nọ́ńbà fáìlì olóògbé sí i, n kò sì kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì. Ta ni n bá dá lẹ́bi? Èmi tí mo pe ara mi ní akọ̀wé ni.

Nítorí náà ni mo ṣe jókòó ti àwọn tí ó mọ̀, tí mo sì ka ìwé òfin, láti mọ ohun tí ọ́fíìsì yẹn wà fún.

Ẹ wo akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Kì í ṣe òun ni ó ń tọ́jú owó, akápò wà. Kì í ṣe òun ni ó ń se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ, àwọn ìyá ẹgbẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá pe ìpàdé, a kò ní jókòó, bí kò bá sì kọ ohun tí a fi ẹnu kò lé lórí, kí ó tó di ọjọ́ mẹ́jọ olúkúlùkù yóò ti máa sọ ohun tí ó wù ú pé a sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Akọ̀wé Ìjọba Ìpínlẹ̀ rí sí Gómìnà àti àwọn kọmíṣọ́nnà.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìjọba ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, bí kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ bá fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, yóò kọ àbá rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé náà yóò gba ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìjọba kọjá. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kan ẹlòmíràn: ṣé ilé-iṣẹ́ ìṣúná ti gbọ́ nípa owó rẹ̀? Ṣé ilé-iṣẹ́ ìdájọ́ ti wo òfin tí ó rọ̀ mọ́ ọn? Ṣé ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò kò ní ẹjọ́ lórí? Lẹ́yìn èyí ni yóò tó dé iwájú Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ, níbi tí Gómìnà ti ń ṣe alága tí Akọ̀wé Ìjọba sì ń ṣe akọ̀wé. Ohun tí ìgbìmọ̀ bá pinnu, ọ́fíìsì rẹ̀ ni yóò yọ ọ́ jáde nínú àkọsílẹ̀, tí yóò fi ránṣẹ́ sí olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ pé, èyí ni tiyín, ẹ lọ ṣe é. Òun náà ni yóò tún padà bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe é. Kò kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, kò sì la títì kankan, ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì náà bá sùn, ọwọ́ ọ̀tún ìjọba kò ní mọ ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe.

Ní ti bí wọ́n ṣe tò ó, Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, ní abala 208, ni ó fún Gómìnà ní àṣẹ láti yan Akọ̀wé Ìjọba. Kọmíṣọ́nnà gbọ́dọ̀ dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n òfin kò béèrè èyí lọ́wọ́ Akọ̀wé Ìjọba. Ẹni tí ọkàn Gómìnà bá balẹ̀ sí ni, bí Gómìnà bá sì lọ, òun náà yóò dìde. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn Akọ̀wé Àgbà tí í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba wà, pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka tí ń rí sí ìpàdé Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ, sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ààbò, àti sí ìnáwó ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í bá Gómìnà lọ. Ìdí nìyí tí fáìlì kan fi lè la gómìnà mẹ́ta kọjá láìsọnù.

Ẹ má ṣe ro ọ́fíìsì náà sí ti akọ̀wé tí ń tẹ̀wé lásán o. Dókítà Emmanuel Uduaghan ni Akọ̀wé Ìjọba Delta kí ó tó di Gómìnà ní 2007. Dókítà Ifeanyi Okowa jókòó sórí àga kan náà láti 2007 kí ó tó lọ sí Ilé Aṣòfin Àgbà, òun náà sì di Gómìnà ní 2015. Ẹni tí ó bá ti mọ ibi tí gbogbo okùn ti so pọ̀, ó ti mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ gómìnà.

Ẹlòmíràn tí a sábà máa ń ṣì mú fún un ni Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba. Abala 208 kan náà ni ó dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní kò gbọdọ̀ wá láti ìta: láàrin àwọn Akọ̀wé Àgbà tàbí àwọn tí ó bá wọn dọ́gba nínú iṣẹ́ ìjọba ni Gómìnà ti gbọ́dọ̀ mú un. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni tirẹ̀. Ní ti gbígbà sí iṣẹ́ àti ìbáwí, Òfin Ìpìlẹ̀ fi àjọ kan lélẹ̀ fún un ní abala 197, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tí inú bá ń bí ni yóò máa lé òṣìṣẹ́ ìjọba.

Àwọn àgbà wa tí ó ti wà níhìn-ín tipẹ́ yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí Aladja wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nínú ẹkùn tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà láti Warri sí Delta ní 1952, Ìbàdàn ni ìwé ń lọ. Olóyè Simeon Adebo, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó de fìlà méjèèjì lórí kan ṣoṣo, Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba àti Akọ̀wé Àgbà Ìjọba, kí ó tó lọ ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Ní 1963 wọ́n gé Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Benin. Ó di Bendel ní 1976. Òfin Ìpìlẹ̀ 1979 sì pe ipò méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 a dá Delta sílẹ̀, Asaba di olú-ìlú, ọ̀pọ̀ ará Warri kò sì fẹ́ ẹ, nítorí ọ̀nà jìn. Fáìlì tíṣà wa tí wọ́n ṣí ní ìgbà Bendel wà lára àwọn tí ó kó ẹrù nígbà náà. Kí ẹni tí ó bá ń wá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ mú nọ́ńbà àtijọ́ àti ti tuntun dání.

Irú ọ̀rọ̀ wo wá ni ti Akọ̀wé Ìjọba? Èyí tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kò lè parí ni. Ẹ wo ọ̀ràn ààlà láàrin Aladja àti Ogbe-Ijoh, tí ó ti dá ìjà àti ikú sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í ṣe tiwa, àwa àlejò, láti sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì sọ ọ́ ní ilé ẹmu. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kan ìgbìmọ̀ ààlà ìpínlẹ̀, tí òfin fi Igbákejì Gómìnà ṣe alága rẹ̀, ó kan àwọn agbófinró, ó kan ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Udu àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Warri, ó sì kan àwọn tí ó sá kúrò nílé. Bí ẹgbẹ́ wa bá ní láti bẹ̀bẹ̀ fún ààbò ìdílé wa ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, lẹ́tà sí Akọ̀wé Ìjọba tọ̀nà, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága Udu ní Otor-Udu.

Ìwé ọmọ onílẹ̀ kọ́ ni ti ọ́fíìsì náà o, bí àwọn kan ti ń rò. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń fúnni ní èyí. Abala 318 Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ kan, tàbí òbí òbí rẹ̀ kan, jẹ́ ọmọ ìlú kan tí ó jẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀. Kò wo ibi tí a bí ọmọ sí, èyí sì dun ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n sin ibi ọmọ wọn sí Aladja. Ṣùgbọ́n ó ní kí a wo òbí, kò ní bàbá nìkan. Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ Urhobo, ẹ má ṣe jókòó kí ẹ máa káàánú: ọmọ yín ní ẹsẹ̀ ní Udu nípasẹ̀ ìyá rẹ̀. Ní ti ilé-iṣẹ́ irin tí ó kó púpọ̀ nínú wa wá síhìn-ín, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1982, tí wọ́n sì tà ní 2005, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Asaba kò lè dáhùn fún owó tí wọ́n jẹ yín níbẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ kò béèrè ibi tí ènìyàn ti wá. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ ni. Ọ́fíìsì tí ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì ni a ń kọ̀wé sí, kí a sì gba ọ̀dọ̀ ẹni tí olóògbé ṣiṣẹ́ fún kọjá. Kí a so ìwé ìgbaniṣíṣẹ́, ìwé ìgbéga ìkẹyìn àti ìwé ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, àti ìwé àṣẹ láti ilé-ẹjọ́ gíga tí ó fi hàn pé ẹni yìí ni ó lè gba ogún. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó máa ń pẹ́ jù. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ lọ wo orúkọ ẹni tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù yín nígbà tí ẹ gba iṣẹ́. Mo mọ ẹnìkan tí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti kú ni ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo ti tún lẹ́tà náà kọ, ó kúrú, nọ́ńbà fáìlì sì wà lórí rẹ̀. Ìwé ilé-ẹjọ́ nìkan ni ó kù. Ìyá náà yóò lọ sí Asaba bí ó bá ti dé, nítorí ẹsẹ̀ tí ń dùn ún, kò lè wọ ọkọ̀ èrò. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ bá ń gba ọ̀nà Ughelli àti Ogwashi-Uku lọ sí Asaba lọ́jọ́ iṣẹ́, tí àyè kan sì ṣófo nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ bá mi sọ ọ́ ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú.