Ìjì tí kò dúró de ìgbà rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: «Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míìn.» Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń ronú lórí ohun tí ó ń dé bá àwọn ará erékùṣù Òkun Pàsífíìkì.

Ní ìwọ̀-oòrùn àríwá òkun náà, ìjì ńlá tí àwọn Faransé ń pè ní typhon lè jà nígbàkigbà, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni ó máa ń pọ̀ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọkàn àwọn ènìyàn a máa balẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2015, ìjì kan tí wọ́n sọ ní Maysak kọlu àwọn erékùṣù Chuuk àti Yap ní orílẹ̀-èdè Micronésie. Ó gba ẹ̀mí ènìyàn, ó ṣí òrùlé, ó sì wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé omi òkun ya wọ oko kókò. Ìjì a máa lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ a ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀. Ilé tí ó wó ṣe é tún kọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ilẹ̀ tí iyọ̀ ti mu lè gba ọdún kí ó tó gba irúgbìn padà. Àwa náà mọ ohun tí kókò jẹ́ fún ilé tí iṣu ti tán.

Kí ni ó fà á? Òkun gbígbóná ni oúnjẹ ìjì. Bí ojú omi bá ti gbóná tó ìwọ̀n 26 tàbí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru a gòkè pẹ̀lú ọ̀rinrin. Bí ayé sì ti ń yí, afẹ́fẹ́ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì. Ọdún 2015 jẹ́ ọdún El Niño, tí omi gbígbóná máa ń ṣí lọ sí àárín òkun. El Niño a máa wá, a sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ooru tí èéfín epo àti èédú ń kó sínú òkun kì í lọ bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń pọ̀ sí i ni ìjì líle ń rí agbára kún agbára.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, Wutip kọjá ní gúúsù Guam. Òun ni àkọ́kọ́ tí ó dé ìpele karùn-ún, tí í ṣe ìpẹ̀kun, nínú oṣù kejì ní agbègbè náà láti ìgbà tí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní gúúsù òkun, níbi tí wọ́n ti ń pe irú ìjì kan náà ní cyclone, oṣù kọkànlá ni ìgbà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lola kò dúró dè é: oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ó ti ja Vanuatu, níbi tí àwọn ọmọ kan ti ń fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa.

Ohun tí ó wà nínú ewu ju ilé lọ. Ìgbà ni baba fi ń kọ́ ọmọ: ìgbà tí a ń tu ọkọ̀, ìgbà tí a ń tún òrùlé ṣe, ìgbà tí a ń kó oúnjẹ pamọ́. Bí ìjì kò bá tẹ̀lé ìgbà mọ́, kí ni baba yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́?

Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Vanuatu bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní La Haye. Ìjọba Vanuatu gbọ́ tiwọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i. Ní 23 oṣù keje ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ náà sọ èrò rẹ̀: ojúṣe lábẹ́ òfin ni fún àwọn ìjọba láti dáàbò bo ojú ọjọ́ ayé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.