Ẹ̀dùn Ọkàn Abiyamọ Lẹ Gbé Lọ Sọ́jà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbẹ́ ère lónìí, tí ẹ ń tà á lọ́la bí ohun ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ri igi tútù mọ́ ẹrẹ̀, ẹ gbé e sókè àjà kí èéfín lè pa á, ẹ fún ikán jẹ, ẹ wá pè é ní ohun àjogúnbá. Àjogúnbá ta ni? Baba ta ló kú, tó fi í sílẹ̀?

Ti ère ìbejì ló dùn mí jù. Nígbà ayé àwọn ìyá wa, bí ìbejì kan bá lọ, wọn a gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á lára, á máa fún un lóúnjẹ bó ṣe ń fún èkejì tó wà láyé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, imú ère á tẹ́, ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ọwọ́ ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin wá mú ewé eépín, ẹ fi ń ha imú ère àná! Ṣé ojú ò tì yín? Mo ní, ṣé ojú ò tì yín ni?

Ẹ ní iṣẹ́ ọnà ni, pé eégún onídán náà ń tanni. Ẹ má purọ́ mọ́ eégún. Bí onídán bá di ọ̀nì, tó di òjòlá, tó tún di òyìnbó onímú gígùn, ta ló lọ sílé pé wọ́n lu òun ní jìbìtì? Idán lo wá wò, idán lo rí. (Ẹni tó mọ awo, ó pa ẹnu mọ́.)

Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó dágbére fáyé ní 2009, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn bíi ti àtijọ́, ó sì ń fín orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ǹjẹ́ ìyẹn sọ iṣẹ́ rẹ̀ di yẹpẹrẹ? Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.

Bí ayédèrú bá pọ̀ lọ́jà, ògidì náà á di ẹlẹ́jọ́. Orí Olókun Ifẹ̀, ère idẹ tí Frobenius ará Jámánì fojú kàn ní 1910, àwọn òyìnbó onímọ̀ iṣẹ́ ọnà méjì, Underwood àti Fagg, sọ ní 1949 pé èyí tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ògidì, pé ẹnì kan ló wo ti àkọ́kọ́ dà á. Àwọn mìíràn ti wá ń sọ pé ògidì ni. Àríyànjiyàn náà ò tíì tán.

Ẹ ní òyìnbó lẹ ń tà á fún, pé òun náà kó tiwa lọ. Ó kó o, ta ni ò mọ̀? Àmọ́ ẹní da eérú leérú ń tọ̀. Òyìnbó á gbé ère yín sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, á yà á sínú ìwé, ọmọ yín á sì kà á nílé ìwé bí ìtàn baba ńlá rẹ̀. Bó bá wá bi yín, kí lẹ ó sọ fún un?