Ìbọn Tí Kì Í Béèrè Ẹni Tí Ó Ń Pa

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Allah, Ẹni tí Ó sọ ẹ̀mí ọmọ ènìyàn di ohun ọ̀wọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Anabi Muhammad.

Bí ìrun Àlàásárì bá ti parí ní Kétu, Ìkòsí àti Mile 12, ilé géèmù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń wọ́ lọ. Àwọn òbí a máa bínú nítorí owó tí ó ń ṣòfò àti ìrun Màgàríbì tí ó ń bọ́. Ìbínú náà tọ́, ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà nínú eré náà fúnra rẹ̀.

Irú kan wà tí kò wọ́n, tí wọ́n fi ogun ṣe. Ọmọ tí ó ń ṣe é kò lè yan ọ̀nà. Ẹ̀rọ ni ó ń gbé e lọ bí ọkọ̀ ojú irin. Kò lè dúró, kò lè padà, kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ni kí ó yìnbọn sí ẹni tí ó bá yọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Terrorist Takedown, tí ilé-iṣẹ́ City Interactive ti ilẹ̀ Poland gbé jáde ní ọdún 2004. Àwọn ológun Amẹ́ríkà pàápàá mọ agbára eré ìbọn: ní 2002 wọ́n gbé America's Army jáde lọ́fẹ̀ẹ́, kí iṣẹ́ ológun lè wu àwọn ọ̀dọ́. Ó di 2022 kí wọ́n tó pa á tì. Bí eré kò bá lè yí ọkàn padà, kí ni wọ́n ń náwó lé e fún?

Ẹ̀kọ́ Islam yàtọ̀. Nínú Súrà Nisáì, áyà 94, Allah pàṣẹ ìwádìí fún àwọn onígbàgbọ́ tí ó jáde lọ sójú ogun. Nígbà tí Usamah ọmọ Zaid pa ọ̀tá kan lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti jẹ́rìí pé kò sí ọlọ́hun kan àfi Allah, Usamah ní ìbẹ̀rù idà ni ó mú un sọ ọ́. Anabi bá a wí gidigidi. Bí ìwádìí bá jẹ́ dandan lójú ogun, ẹ̀kọ́ wo ni eré tí kò fi àyè ìbéèrè sílẹ̀ ń kọ́ ọmọ?

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ tí ń ṣe eré yìí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Géèmù kọ́ ni ó sì fa ìjà Yorùbá àti Hausa ní Mile 12 ní oṣù Kẹta ọdún 2016, tí ẹ̀mí fi ṣòfò, tí ìjọba Èkó sì ti ọjà pa. Síbẹ̀, irú ojú kan náà ni àwọn oníjà fi wo ara wọn: wọn kò béèrè ohun tí ẹni iwájú wọn ṣe, èdè rẹ̀ tó láti sọ ọ́ di ọ̀tá. Bẹ́ẹ̀ ni Kíblà kan náà ni Mùsùlùmí Yorùbá àti Hausa ń kọjú sí.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí òbí béèrè irú géèmù tí ọmọ ń ṣe, kí ó má fi mọ sí iye owó nìkan. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan pèsè eré tí ó dára lẹ́yìn Àlàásárì. Kí ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ sì rántí pé Mùsùlùmí kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rọ ń yan ọ̀tá fún.

Kí Allah ṣọ́ ọwọ́ àti ọkàn àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí. Àmín.