Táyà bárò kọ́ ni ti Vespa

Àgbàlagbà tó bá ṣì ń gun Vespa, alùpùpù Ítálì tó jáde ní ọdún 1946, ní Ṣakí mọ̀ pé wíwá táyà rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, táyà ọ̀kadà kò lè wọ̀ ọ́. Páàtì ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ sàn, nítorí Bajaj ilẹ̀ Íńdíà gba àṣẹ ṣe Vespa ní àwọn ọdún 1960. Èyí tó burú ni ti àwọn tó ń fi táyà bárò dípò, torí pé nọ́ńbà 3.50-8 wà lára méjèèjì. Nọ́ńbà bára mu o, iṣẹ́ wọn kò dọ́gba! Yẹ̀pẹ̀ ni bárò ń rù, kì í sáré lọ sí Ìsẹ́yìn. Bàbá tí kò bá tíì rí táyà gidi, kó jẹ́ kí Vespa sinmi sílé ná.