Gbèsè Bàbá, Ọmọ Ló San Án

  

Ọ̀rọ̀ owó ni mo sábà máa ń sọ lójú ewé yìí, nítorí ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, eré orí ìtàgé ni. Àbígbẹ̀yìn mi ń ka Romeo and Juliet fún ìdánwò GCSE, ó sì ní kí á jọ ka ìparí rẹ̀. William Shakespeare ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1595. Ọdún 1597 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbàgbé, báyìí ló lọ. Ní ìlú Verona ní Ítálì, ìdílé Montague àti ìdílé Capulet ń bá ara wọn ṣọ̀tá. Romeo jẹ́ ọmọ Montague. Juliet, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 14, jẹ́ ọmọ Capulet. Àlùfáà kan, Friar Laurence, so wọ́n pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ nígboro, Romeo pa Tybalt, ìbátan Juliet, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Ó gba Mantua lọ.

Bàbá Juliet kò mọ̀ pé ọmọ òun ti lọ́kọ. Ó ní dandan, Paris ni yóò fẹ́. Alágbàtọ́ rẹ̀ tó mọ̀ pàápàá ní kó gbàgbé Romeo. Ni àlùfáà bá fún un ní oògùn tí yóò mú un sùn bí òkú fún wákàtí 42, ó sì kọ lẹ́tà sí Romeo. Lẹ́tà ò dé! Wọ́n ti Friar John tó mú un lọ́wọ́ mọ́lé, wọ́n fura pé ó ti dé ilé tí àjàkálẹ̀ àrùn wà. Ohun tí Romeo gbọ́ ni pé Juliet ti kú. Ó ra májèlé, ó lọ sí ibojì, ó pa Paris níbẹ̀, ó sì gbé májèlé náà mu. Kò pẹ́ ni Juliet jí. Nígbà tó rí òkú ọkọ rẹ̀, ó gún ara rẹ̀ lọ́bẹ. Lóru yẹn kan náà, ìbànújẹ́ pa ìyá Romeo. Ìgbà náà ni bàbá méjèèjì tó bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń ṣèlérí ère wúrà. Ère wúrà kẹ̀! Ṣé ère lè pe èèyàn ní Dádì?

Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, kí ló dá ìjà yẹn sílẹ̀ gan-an?" Mo ṣí ìwé síwá sẹ́yìn. Shakespeare kò sọ ọ́. Ìjà àtijọ́ ṣáá ni. Ó wò mí, ó ní, "Ìjà tiyín ńkọ́?"

Ẹnu mi wọhò. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mọ ẹni tó ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Ìṣirò owó àríyá ìparí ọdún kan ló dà wá pọ̀. Owó náà kò ju pọ́n-ùn 80 lọ, ó sì di ọdún keje báyìí. Ọmọ mi ní òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ jọ ń ṣeré ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n bí òun bá ti rí ọkọ̀ mi, òun á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ gbọ́ nǹkan! Èmi ni mo jẹ gbèsè, ọmọ mi ló ń san án.

Ẹ̀yin òbí, bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lè sọ òótọ́ fún wa nílé. Ẹ̀yin ọmọ, ká ní Romeo ní sùúrù díẹ̀ sí i ni, Juliet ì bá jí bá a láàyè. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo lọ́kàn yín, ẹ má dá a gbé. Ẹ wá àgbà kan sọ fún, òbí ni o, tíṣà ni o. Bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó, ilẹ̀ á mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ ọ̀rẹ́ mi láago. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú o, ìdí tí mo fi pè gan-an nìyẹn.

Ilé wọn ni a ó ti jẹun lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ó dìgbà kan ná.