Ta Ló Mọ Gáàsì Tó Wà Nínú Fíríjì Yẹn?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni Nàìjíríà ti wà lábẹ́ àdéhùn Kigali pé lílo gáàsì HFC, ìyẹn R134a, R404A àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, kò gbọdọ̀ pọ̀ sí i mọ́. A fara mọ́ ọn. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé gáàsì tó ń rọ́pò wọn, pírópéènì táwọn oníṣẹ́ fíríjì ń pè ní R290, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ R600a, jẹ́ gáàsì tó ń gbiná. Wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú fíríjì ẹlẹ́ja, ti ẹlẹ́ran àti ṣókéèsì onígíláàsì tí wọ́n ń kó ohun mímu sí, láìkọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sára ẹ̀rọ pé òun ló wà níbẹ̀.

Gáàsì yìí fúnra rẹ̀ kọ́ là ń bá wí. Ó ń mú nǹkan tutù dáadáa, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná. Kìlógíráàmù kan R404A tó bá tú sáfẹ́fẹ́ ń mú ayé gbóná tó kìlógíráàmù 3,922 èéfín kábọ́ọ̀nù. Ti pírópéènì kò ju bíi 3 lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún un ṣeé fọkàn tán: wọ́n ti dí gbogbo ibi tó lè sípáàkì, wọ́n wọn gáàsì rẹ̀ ní gíráàmù, wọ́n sì lẹ àmì onígun mẹ́ta tó ní ọwọ́ iná mọ́ ọn lára.

Fíríjì tí wọn kò ṣe fún un ni ìjà wa dá lé. Fíríjì àtijọ́ tó ń lo R134a bàjẹ́, olówó rẹ̀ ní R134a ti wọ́n jù, oníṣẹ́ bá fojú díwọ̀n R290 sí i. Lẹ́ẹ̀bù tó wà lára rẹ̀ ṣì ń wí pé R134a ni. Nígbà tó bá tún bàjẹ́, oníṣẹ́ mìíràn á dé, á ka lẹ́ẹ̀bù yẹn, á tan iná tó fi ń jó páìpù, á sì dojú rẹ̀ kọ ẹ̀rọ tí gáàsì tó ń gbiná kún inú rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe tí kò kọ nǹkan kan ló dẹ pàkúté yẹn sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a ò sì ní fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀.

Ẹ má sọ pé ẹ ó gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ po ohun tó ń rùn mọ́ gáàsì ìdáná ni. Wọn kì í po ó mọ́ ti fíríjì. Pírópéènì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Gíráàmù 150 péré, tó bá jò lóru nínú kíóskì tó fẹ̀ mítà 2 sí mítà 2, tó láti sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di ohun tó ń gbiná láti ilẹ̀ títí dé ìbàdí àgbàlagbà. Kí NẸ́PÀ wá mú iná dé lágogo méjì òru, kí tẹmọ́sítáàtì fíríjì àtijọ́ yẹn sì sípáàkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ ọjà ńkọ́, tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n ń sùn?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2008, alámù dún ní ilé ìkóúnjẹsí tútù kan ní Tamahere, lórílẹ̀-èdè New Zealand, àwọn panápaná mẹ́jọ sì lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bíi 400 kìlógíráàmù gáàsì onípírópéènì ló ti jò síbẹ̀. Kò lóòórùn, kò sí àkọlé tó kìlọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ó bú gbàù. Ẹnì kan kú, àwọn méje yòókù fara pa. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ náà àti àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí panápaná ń tètè dé nìyẹn o. Kí la fẹ́ wí fún ọjà tí mọ́tò panápaná kò lè wọ̀?

Ìjọba sọ pé òun ń dá àwọn oníṣẹ́ fíríjì lẹ́kọ̀ọ́, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ kankan ṣì ń wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń ra sìlíńdà R290, wọn kì í bi í pé níbo ni ìwé ẹ̀rí rẹ wà. Òfin tó ka kíkó fíríjì tòkunbọ̀ wọlé léèwọ̀ ńkọ́? Ojoojúmọ́ là ń rí wọn lójú títì. Ìjọba tó lè ka iye gáàsì tó wọ orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò mọ ibi tó ń gbà lọ. Kí NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, àti SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, fi dandan lé e pé kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí gáàsì. Kí ẹni tó bá yí gáàsì padà láìyí lẹ́ẹ̀bù sì fojú ba ilé ẹjọ́.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin ọlọ́jà wa, ẹ má san owó iṣẹ́ fún ẹni tó tún fíríjì yín ṣe, àyàfi tó bá kọ orúkọ gáàsì tó rọ sí i sára rẹ̀ gàdàgbà, lójú yín.